Omi Tí A Máa Ń Dà Nù: Purotéènì Inú Àpò Omi Ọmú àti Ọ̀rọ̀ Ewu Jẹjẹrẹ

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn obìnrin ìjọ kan ní Ìbàdàn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo yọ àwàdà tó pọ̀ jù kúrò, mo sì fi àwọn nọ́ńbà tí mi ò rántí lórí ìdúró kún un.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin àbúrò. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn jọ̀ọ́ sún mọ́ iwájú díẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ rí nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Síríńjì ni. Ẹ má fòyà, kò sí ẹni tí mo fẹ́ gún. Tíì ni mo fà sínú ẹ̀ nílé láàárọ̀ yìí, tíì tí kò ní mílíìkì, tí mi ò jẹ́ kó pọ́n jù. Bí mo bá gbé e sókè síbi iná báyìí, ẹ ó rí i pé ó mọ́ gaara, ó kàn pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni. Báyìí gan-an ni omi tí dókítà máa ń fà jáde nínú àpò omi inú ọmú ṣe máa ń rí. Ti ẹlòmíràn á jọ omi tí wọ́n fi rẹ koríko gbígbẹ, ti ẹlòmíràn á ní àwọ̀ ewé nínú, mo sì ti rí èyí tó dúdú bí omi àgbo ọjọ́ kẹta.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dókítà ọmú, èmi ni mo máa ń gba síríńjì náà lọ́wọ́ wọn. Dókítà á gbé e síbi iná, á wò ó, bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀, á ní, "Dà á nù." Màá dà á sí síńkì, màá ṣí omi lé e lórí, màá pe ẹni tó kàn. Òfin yẹn ò burú o. Títí dòní, bí omi náà bá mọ́, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tí kókó náà sì pòórá pátápátá lẹ́yìn tí wọ́n fà á tán, kò pọn dandan kí wọ́n gbé e lọ sí lábù láti wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èmi náà wá di ẹni tó ń ka purotéènì lábẹ́ ẹ̀rọ, ìyẹn àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ara máa ń ṣe, ni mo tó mọ ohun tí mo ti ń dà sí síńkì. Purotéènì kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá wá a nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tára rẹ̀ le, ẹ máa wá a tì fẹ́rẹ̀ẹ́ ni. Nínú omi yìí, ó ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po.

Ìbéèrè tó wá gbà mí lọ́kàn, tí ó sì gbà ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ṣáájú mi, ni èyí: ṣé omi yìí lè sọ fún wa ẹni tó máa ní jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, àti ẹni tí kò ní í ní in? Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mò ń lọ kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Omi náà ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ òtítọ́. Ohun tó ń sọ ni irú sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Àwa la máa ń fẹ́ kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àpò yìí jẹ́. Inú ọmú kì í ṣe ọ̀rá lásán. Ẹ fojú inú wo igi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: ẹsẹ̀ igi náà wà lórí ọmú níbi tí ọmọ ti ń mu, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń lọ sínú. Irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń tó 15 sí 20 nínú ọmú kan. Ní orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdì wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ bí èso tó ṣù mọ́ra, ibẹ̀ ni wàrà ti ń wá nígbà tí a bá bímọ. Bí obìnrin bá ti wà láàárín ọdún 35 sí 50, tí họ́mọ̀nù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀ kalẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró, omi lè gbá jọ sínú ọ̀kan nínú àwọn ìdì yìí. Á wú bí bàlúù. Òmíràn ò tó ẹ̀wà, òmíràn á tó ẹyin adìyẹ. Ó lè wú lálẹ́ ọjọ́ kan kó sì dẹ́rù ba onítọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ pé bí obìnrin méje nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ní èyí tó tóbi tó ohun tí ọwọ́ lè fà kàn nígbà ayé rẹ̀.

Àpò omi lásán kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ nìkan kó dá dúró, torí mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp.

Ṣùgbọ́n àwọn ìdì wẹ́wẹ́ tí mo sọ yẹn, ibẹ̀ gan-an náà ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ilé kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń wo àpò omi bí ẹni tó ń wo fèrèsé: bóyá a lè rí ohun tó ń lọ nínú ilé láì fọ́ ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ kan, ìṣẹ́jú méjì, omi ti jáde. Ta ni kò ní fẹ́ irú ọ̀nà tó rọrùn bẹ́ẹ̀?

Ìmọ̀ nípa àpò yìí ti pẹ́. Astley Cooper, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí àrùn ọmú ní 1829. Ní 1921, Joseph Bloodgood, oníṣẹ́ abẹ kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ń pè é ní àpò olórí búlúù, torí pé bí wọ́n bá la ara tó bò ó, omi inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ó dà bí òrùlé kékeré aláwọ̀ aró. Ojú ni àwọn yẹn fi ń wò. Ìgbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1980 ni Darrow Haagensen àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá gbé omi náà sórí jẹ́lì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé jẹ́lì, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ẹ wo ẹ̀kọ tútù tó dì, èyí tó mọ́, tó ń gbọ̀n. Bí jẹ́lì ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Ẹ gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìpẹ̀kun kan, ẹ rọra kán omi náà sínú ihò, kí ẹ wá fi iná mànàmáná sí i. Àwọn purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ nínú jẹ́lì. Èyí tó kéré á ráyè sá, èyí tó tóbi á máa fi ara gbún ọ̀nà, kò ní í jìnnà. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ fi aró sí i, ẹ ó rí ìlà búlúù níbi tí oníkálukú dúró sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi omi àpò ọmú ṣe èyí, mo rò pé mo ti ṣàṣìṣe. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fún wa ní ìlà tó pọ̀ tí wọ́n ń gbá ara wọn. Ti omi yìí, ìlà bíi mẹ́rin ló nípọn, tó dúró gbọingbọin, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà wọ́n.

Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ìlà yẹn ò ládùn lẹ́nu rárá: GCDFP-15, GCDFP-24, GCDFP-44. Lẹ́tà iwájú yẹn kàn ń sọ pé purotéènì inú omi àpò ọmú ni. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni ìwọ̀n wọn, iye ẹgbẹ̀rún dalton, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tó kéré báyẹn. Ẹ̀kẹrin, tó wọ̀n tó 70, kì í ṣe àlejò: albumin ni, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, tó jò wọlé láti ara.

Bí ìwádìí ṣe ń lọ ni wọ́n wá rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹni tuntun. Ó dà bí ọmọ Yorùbá tí ilé bàbá rẹ̀ ń pè ní orúkọ kan, tí ilé ìyá rẹ̀ ń pè ní òmíràn, tí ìyá àgbà sì ní oríkì tirẹ̀ tó fi ń kì í. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa họ́mọ̀nù prolactin ti mọ GCDFP-15 sí PIP. Àwọn tó ń ṣèwádìí omi àtọ̀ ọkùnrin mọ̀ ọ́n sí orúkọ mìíràn. Ó wà nínú itọ́, ó wà nínú omijé, ó wà nínú òógùn abíyá. GCDFP-24 ni apolipoprotein D, tó máa ń di họ́mọ̀nù progesterone mú. GCDFP-44 ni purotéènì tó máa ń bá síǹkì rìn, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bí ara ṣe ń yọ́ ọ̀rá. Ní 1977, Haagensen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé àwọn rí purotéènì 15 yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ fojú inú wo bí ara ṣe máa yá gbogbo èèyàn nígbà náà. Purotéènì kan, inú àpò tí kì í ṣe àrùn ló kún sí, tí wọ́n tún rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ okùn kan náà nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. A lè fi wé e o. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi èèpo ẹ̀pà sin òkú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí abíyá, torí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Sẹ́ẹ̀lì tó bo ògiri àpò omi kì í ṣe oríṣi kan. Nínú àwọn àpò kan, sẹ́ẹ̀lì náà ga, ó sanra, inú rẹ̀ pọ́n, ó sì jọ sẹ́ẹ̀lì ẹṣẹ́ tó ń pèsè òógùn abíyá pátápátá. Bí ẹni pé ọmú gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ abíyá. Nínú àwọn àpò mìíràn, sẹ́ẹ̀lì náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ṣe nǹkan kan, omi kàn wà níbẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń tú GCDFP-15 jáde wìtìwìtì. Òun náà ló máa ń fa pòtásíọ̀mù sínú omi náà, tó ń lé sódíọ̀mù jáde; iyọ̀ inú ara ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ ò nílò kí ẹ gé ara ẹnikẹ́ni. Ẹ wọn sódíọ̀mù, ẹ wọn pòtásíọ̀mù, ẹ fi èkejì pín èkíní. Bí ó bá kéré sí 3, wọ́n ní irú kìíní ni, èyí tó jọ abíyá. Bí ó bá ju 3 lọ, irú kejì ni, omi rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi ẹ̀jẹ̀. Gbogbo lábù ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ló lè ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tó ń dun ọ̀pọ̀ yín: èwo ló léwu?

Wọ́n ṣe ìwádìí lórí èyí ní Ítálì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Obìnrin 802 tó ní àpò omi ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n ní ewu jẹjẹrẹ lára àwọn tó ní irú kìíní ju ti irú kejì lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ rí i bí ara ṣe máa gbóná! Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1999, àwọn ará Edinburgh ní Skọ́tíláǹdì tẹ tiwọn jáde. Obìnrin 1,374 ni, tí àwọn náà ní àpò omi tí ọwọ́ lè fà kàn. Wọ́n ní lóòótọ́, àwọn obìnrin wọ̀nyí ní jẹjẹrẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ìlọ́po 2.81, àti pé fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 45 lọ, ìlọ́po náà sún mọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ní ti irú kìíní àti irú kejì, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi kan.

Ìlú méjì, ìdáhùn méjì. Àwọn kan máa ń gbé ti Ítálì nìkan jáde, wọ́n á fi ti Edinburgh sínú àpò. Mi ò fara mọ́ ọn. Iye àwọn tó ní jẹjẹrẹ nínú ìwádìí Ítálì yẹn kéré. Bí èèyàn díẹ̀ bá kúrò ní apá kan bọ́ sí apá kejì, ìṣirò náà á yí padà. Èyí tó pọ̀ jù ni mo máa ń gbé lé ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ dúró ná, mo rí àwọn tó ń fajú ro torí 2.81 yẹn. Ẹ jẹ́ ká tú u bí ẹni tó ń tú owó ọjà. Nínú obìnrin 1,374 tí wọ́n tẹ̀ lé ní Edinburgh, 65 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn. Bó bá jẹ́ pé ti gbogbo obìnrin ìlú ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, wọn ì bá rí nǹkan bíi 23. Nítorí náà, nǹkan bí 42 ló lé. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí a máa fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo apá kejì: 1,309 ni wọn ò rí jẹjẹrẹ lára wọn títí wọ́n fi parí ìwádìí yẹn. Nínú obìnrin ogún tó ní àpò omi níbẹ̀, mọ́kàndínlógún ló lọ sílé lálàáfíà. Bí dókítà bá kàn sọ "ìlọ́po mẹ́ta" fún yín láì sọ "ìlọ́po mẹ́ta kí ni," kò tíì sọ nǹkan kan.

Nǹkan mìíràn tún wà. Obìnrin tí wọ́n bá ti fa omi lọ́mú rẹ̀ kì í jìnnà sí ilé ìwòsàn mọ́. Wọ́n á máa pè é, wọ́n á máa ṣe síkáànì fún un. Ẹni tí wọ́n ń wá nǹkan lára rẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n máa tètè rí nǹkan lára rẹ̀. Ara ohun tó ń mú kí nọ́ńbà yẹn ga nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní 2005, Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí tó tóbi ju èyí lọ jáde, obìnrin 9,087 tí wọ́n ti gé ara ọmú wọn wò tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, oríṣiríṣi kókó. Ewu gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.56. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn ń pọ̀ sí i lọ́nà tí kò gún régé, tiwọn kọjá ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn ò pọ̀ sí i, tí àpò omi lásán wà lára wọn, 1.27 ni tiwọn. Ẹ rí i pé ìwà sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu, kì í ṣe omi tó wà láàárín.

Bó ṣe jẹ́ pé ìwà sẹ́ẹ̀lì ni a fẹ́ mọ̀, kí ló dé tí a kò fi ka purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tú jáde, ká sì parí ọ̀rọ̀? Ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé. Ẹ̀rọ tó ń wọn purotéènì báyìí kì í fi jẹ́lì ṣe mọ́. Ó ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́, ó ń sọ wọ́n di afẹ́fẹ́ tó ní iná lára, ó sì ń wọn èérún kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo ti ń ka ìlà mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ yìí lè tò ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ fún mi láàárín wákàtí kan.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ni albumin. Ó pọ̀ débi pé ó máa ń bo àwọn tó kéré mọ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tí èrò kún bámúbámú, kí ẹ wá máa wá ọmọ kan tó wọ aṣọ pupa. Purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di jẹjẹrẹ bá tú jáde, bí ó bá tilẹ̀ wà, tíntín ni. A lè yọ albumin kúrò, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yọ ọ́ ló máa ń fa àwọn kékeré tó so mọ́ ọn lọ. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe èyí rí, mo sì dé ìparí rẹ̀ tí mo rí i pé ohun tí mò ń wá ni mo ti bá albumin dà sí ìdọ̀tí. Bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mò ń da nǹkan yìí nù, ẹ ò ní í bínú sí mi.

Èyí tó tún le jù ni ọ̀rọ̀ kòńgẹ́. Ká ní mo ka purotéènì 1,000 lára obìnrin ogún, mẹ́wàá tó wá ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà àti mẹ́wàá tí kò ní. Òṣùwọ̀n tí a sábà máa ń lò gbà kí a ṣìnà lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 50 purotéènì ló máa dà bí ẹni pé ó ń sàmì jẹjẹrẹ, láì ṣe nǹkan kan rárá, kòńgẹ́ lásán. Ẹni tí kò bá ní sùúrù á gbé ọ̀kan nínú wọn, á sọ ọ́ lórúkọ, á kọ ìwé. Ọdún kejì, ẹlòmíràn á wá a nínú omi àwọn obìnrin mìíràn, kò ní í rí i. Mi ò lè ka iye irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí mo ti kà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan pa yín lẹ́rìn-ín kí oorun má gbé yín lọ. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ PSA, tí wọ́n fi ń yẹ àwọn ọkùnrin wò nítorí jẹjẹrẹ inú ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀, ìyẹn prostate. Ohun tó jẹ́ ti bàbá nìkan, abí? Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni Eleftherios Diamandis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú wàrà ìyá ọmọ, wọ́n sì rí i nínú omi àpò ọmú. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi kan, bí mo ṣe sọ fún un, ló ní, "Àṣé ẹ̀yin náà ní i!" Ó wà lóòótọ́, sà. Kò sì sọ fún wa ẹni tó máa ní jẹjẹrẹ ọmú.

Àwọn tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni Julio Celis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen. Àwọn ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè jẹjẹrẹ. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ sẹ́ẹ̀lì tó jọ abíyá yẹn dáadáa, purotéènì tó ń gbé inú rẹ̀ àti èyí tí ó ń tú jáde. Wọ́n rí àwọn purotéènì kan tó jẹ́ àmì rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì ọmú yòókù kò ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo àwọn jẹjẹrẹ ọmú tó jọ abíyá, ìyẹn oríṣi kan tí kò wọ́pọ̀, wọ́n rí àmì kan náà lára díẹ̀ nínú wọn. Sùúrù ni mo pè ní èyí. Wọn ò sọ pé àpò omi máa di jẹjẹrẹ. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ń sọ èdè kan náà, ká lọ wádìí ìdí rẹ̀.

Àǹtí kan bi mí ní ìsinmi pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ jíìnì, torí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ jíìnì báyìí. Ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, tó wà ní Yunifásítì Chicago, ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí jíìnì BRCA, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá ní àbùkù, ewu jẹjẹrẹ ọmú á pọ̀ sí i, lára àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Jíìnì ni ohun tí a bí yín mọ́. Kò yí padà láti ìkókó títí di arúgbó. Purotéènì ni ohun tí ara ń ṣe lónìí, ó lè yàtọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èyí ló mú kó wuni, òun náà ló sì mú kó ṣòro. Omi tí mo fà ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan oṣù ń bọ̀ lè má jọ ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ Haagensen já sí asán o. Lónìí, bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró obìnrin tàbí lábẹ́ abíyá rẹ̀, tí wọn ò mọ ibi tó ti wá, dókítà tó ń wo ara lábẹ́ maikirosíkóòpù máa ń fi àwọ̀ kan tó ń wá GCDFP-15 sí i. Bí ó bá gba àwọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmú ni ó ti wá, wọ́n á sì mọ oògùn tó yẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi sọ àsọtẹ́lẹ̀, ìbéèrè "níbo lo ti wá" ni ó dáhùn jù.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fún àyẹ̀wò omi àpò ọmú tó máa sọ fún yín bóyá ẹ máa ní jẹjẹrẹ, ẹ má san án. Kò tíì sí. Ohun tó wà ni kí wọ́n fi síkáànì wo kókó náà, torí ọwọ́ nìkan ò lè sọ bóyá omi ni tàbí ẹran. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kókó tí a ń rí jù lára àwọn ọmọbìnrin kì í tilẹ̀ ṣe omi. Fibroadenoma ni, èyí tó máa ń sá kiri lábẹ́ ìka. Òun náà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n èmi tó ti fi ogún ọdún wo nǹkan yìí, mi ò lè fi ìka mọ̀ ọ́n yàtọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nílé yín sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n fún ní owó, mo mọ ohun tí màá ṣe. Mi ò ní í ra ẹ̀rọ tuntun. Fíríìjì ni màá rà, èyí tó ń tutù dé 80 nísàlẹ̀ òdo, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ méjì, torí ẹ mọ iná wa. Gbogbo omi tí wọ́n bá fà, màá pín in sí ìgò wẹ́wẹ́ mẹ́ta, màá kọ nọ́ńbà sí i láì kọ orúkọ, màá kọ ọjọ́ orí àti ọjọ́ nǹkan oṣù sínú ìwé, màá fi pamọ́. Màá wá dúró. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí díẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà bá ní jẹjẹrẹ, mo lè gbé omi wọn àtijọ́ jáde, kí n fi wé ti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà tí kò ní. Omi tí wọ́n fà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ni mo fẹ́ kà, kì í ṣe omi ẹni tó ti ń ṣàìsàn. Èyí nìkan ló lè dá Ítálì àti Edinburgh lẹ́jọ́.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, ìyá kan dìde láàárín. Ó ní wọ́n fa omi lọ́mú òun lọ́dún tó kọjá, ó sì ti tún padà, ṣé ó ti di ohun tí òun ń bẹ̀rù nìyẹn. Mo ní rárá, mà, ó máa ń padà dáadáa, pàápàá títí nǹkan oṣù yín á fi dáwọ́ dúró. Ẹ padà lọ kí wọ́n ṣe síkáànì, kí wọ́n wò ó bóyá omi nìkan ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fà á tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí kókó náà kò bá lọ tán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n sì gé díẹ̀ níbẹ̀ wò.

Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó ní fíríìjì tí mò ń sọ yẹn, bí òun bá gbà kí wọ́n fi tòun sí i, ọdún mélòó ni òun máa fi retí èsì?

Mo ní, "Mà, ó lè tó ọdún mẹ́wàá. Ó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ó wo ọmọbìnrin tó jókòó tì í, ó ní, "Ìyẹn ni pé eléyìí ló máa lọ gbà á."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.